Ìparadà Neutrino: Ìtàn Ìwádìí láti Tsukuba dé Kamioka

Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì lè dì mú, ó ṣòro láti ká a mọ́ ibi tí ó ti ń paradà. Irú rẹ̀ ni neutrino, ẹyọ kínkínní tí Wolfgang Pauli dábàá ní ọdún 1930, tí Frederick Reines àti Clyde Cowan sì rí ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1956. Oríṣi mẹ́ta ni ó ní: ti electron, ti muon àti ti tau.

Nígbà tí ó di ọdún 1998, àgbá omi ńlá Super-Kamiokande, tí ó wà lábẹ́ òkè ní Kamioka ní ilẹ̀ Japan, fi hàn pé neutrino muon tí ń ti inú afẹ́fẹ́ wá a máa dín kù bí ìrìn wọn bá ti gùn tó. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan kò tó fún ọ̀ràn ńlá. Ohun tí ń ti òkè wá, kò sí ẹni tí ó ń darí rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi pinnu láti ṣe neutrino fúnra wọn. Ní ọdún 1999 ni iṣẹ́ K2K bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan ní Tsukuba a máa mú proton sáré, a sì fi wọ́n lu aluminium. Pion a jáde, pion a sì di muon àti neutrino muon. Kamioka, tí ó jìnnà tó 250 kìlómítà, ni wọ́n dojú wọn kọ. Wọ́n ń kà wọ́n ní Tsukuba, wọ́n sì tún ń ka èyí tí ó bá fara hàn ní Kamioka, gẹ́gẹ́ bí darandaran ti í ka ẹran rẹ̀ kí ó tó gbéra àti nígbà tí ó bá gúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, àjálù dé. Nígbà tí wọ́n ń rọ omi padà sínú àgbá náà, ọ̀kan nínú àwọn ojú gíláàsì tí ń rí ìmọ́lẹ̀ fọ́, ìgbì rẹ̀ nínú omi sì fọ́ èyí tí ó ju 6,000 lọ nínú 11,000 àti jù bẹ́ẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún èyí tí ó kù tò, wọ́n fi ìbòrí dáàbò bò wọ́n, nígbà tí ó sì di ọdún 2003, K2K ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní òpin ìṣirò, 112 ni wọ́n rí ní Kamioka, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 158 ni ì bá fara hàn bí kò bá sí ìparadà. Ní ọdún 2006, MINOS ní Amẹ́ríkà, tí tirẹ̀ rin 735 kìlómítà, jẹ́rìí bákan náà. Ní ọdún 2013 ẹ̀wẹ̀, T2K, tí ń ta neutrino muon láti Tokai, kéde pé 28 ti electron ni àwọn rí ní Kamioka, níbi tí kò yẹ kí wọ́n tó 5. Ó wá hàn gbangba pé àwọn tí ó dín kù kò ṣègbé. Àwọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé wọ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò kéré: bí neutrino kò bá ní ìwọ̀n rárá, kò lè paradà báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó gbilẹ̀ tẹ́lẹ̀ kà á sí aláìníwọ̀n. Ẹ̀rí tí òkè kọ́kọ́ jẹ́, ilẹ̀ ti bá a jẹ́ ẹ.