Ọ́kíìdì Kì í Ṣe Àfòmọ́

“Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan.” Ẹni tí kò ní orírun kan pàtó, tó ń pe gbogbo ọlọ́rọ̀ ní ẹbí, ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí. Wọ́n mọ àfòmọ́ dáadáa: ó ń ki ẹnu bọ ara igi obì tàbí ọsàn, ó ń mu omi ara rẹ̀ títí ẹ̀ka yóò fi gbẹ.

Ewéko mìíràn wà lára ọ̀pẹ ní agbègbè Pobè àti Sakété, ní gúúsù Benin, tí wọ́n máa ń kà mọ́ àfòmọ́ láìṣẹ̀, ìyẹn ọ́kíìdì. Ó ní gbòǹgbò tirẹ̀, kì í mu omi ara igi tó dì mú. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Graphorkis lurida, tó fẹ́ràn ara ọ̀pẹ gan-an, tún máa ń na àwọn gbòǹgbò kan sókè ṣóńṣó, kí ewé gbígbẹ lè kó sáàárín wọn, kó jẹrà, kó di oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀pẹ kò pàdánù nǹkan kan.

Ológbà tó bá fẹ́ mú un bí sí i nílé kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé irúgbìn. Hóró rẹ̀ kéré bí eruku, kò sì sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ní 1899 ni Noël Bernard, ará Faransé, rí i pé olú tín-ń-tín kan ní láti wọ inú hóró náà kó tó lè hù. Ní 1922, ọdún kan náà tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi oúnjẹ oníṣúgà inú ìgò rọ́pò olú yẹn. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni.

Pípín ló rọ ará ilé lọ́rùn. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀mùnú tuntun ń yọ, a ó fi ọ̀bẹ tí a ti yan lórí iná pín in láti ìdí. Ọ̀bẹ tí a kò yan ń kó àrùn ràn. Ọ́kíìdì yìí ní àwọn ìdí wíwú tó ń tọ́jú omi sí; ó kéré tán, kí mẹ́ta wà lára ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ọgbẹ́ bá gbẹ, a ó so ó mọ́ èèpo àgbọn tàbí ìtì igi lábẹ́ ibòji. A kì í rì í mọ́ ilẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má gun igi nínú igbó Pobè lọ já a o! Ní gúúsù Benin, wọ́n máa ń wó ọ̀pẹ àgbà lulẹ̀ láti fa ẹmu tí wọ́n fi ń sè ọtí sódábì, ọ́kíìdì orí rẹ̀ a sì bá a lọ. Irú wọn ni kí ẹ yọ, kí oòrùn tó pa wọ́n. Ẹ má sì gbé wọn kọjá ibodè lọ tà ní Nàìjíríà láìgbàwé àṣẹ: gbogbo ẹ̀yà ọ́kíìdì ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko igbó.