Ikú Ilé Ìyálóde

Nínú gbogbo eré onítàn tí àwọn òṣèré wa ti gbé sórí ìtàgé, tí wọ́n da sányán bora, tí wọ́n sì to iyùn sọ́rùn bí ará àtijọ́, ó ṣòro kí a rí èyí tí ó mi ìgboro Ìbàdàn tìtì bí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnsọlá sì wá ṣe ní pápá ìṣeré Olúbàdàn, níbi tí èrò ti wọ́ bí eéṣú. Ìyábọ̀ Ògúnsọlá ni ó ṣe Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹkùn. Nínú eré yìí, àìrọ́mọ gbé jó ti sọ obìnrin náà di òǹrorò tí kò fẹ́ gbúròó oyún lára ẹrú rẹ̀, májèlé ni ó sì gbé mu nígbà tí ọwọ́ Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, tẹ̀ ẹ́.

Eré ní òfin tirẹ̀, èmi kò bá òǹkọ̀wé jà. Ṣùgbọ́n ohun tí Samuel Johnson òpìtàn kọ sílẹ̀ korò ju májèlé lọ. Ìbọn àti ẹ̀tù ni Ìyálóde máa ń tà láwìn fún àwọn ológun. Nígbà tí gbèsè pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò san án, ó káwọ́ kò. Látòósà ti ogun dé, ó ká ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀: kò bá òun rogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí 1874, ó rọ̀ ọ́ lóyè.

Ìbá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe Kúmúyìlọ, ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́, tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jẹ, tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ mu. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: òun ni Látòósà bá gbìmọ̀ ikú náà, òun náà ni ó sì fi owó di àwọn ẹrú lẹ́nu. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù, ẹrú méjì gba orí àjà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá tí ìyá ń sùn, wọ́n sì fọ́ ọ lórí.

Ọmọ yìí ni èmi ìbá fẹ́ rí lórí ìtàgé, kí a wo bí ó ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó mọ ohun tí òru ń gbé bọ̀. Àwọn ẹrú ni wọ́n pa ní gbangba nítorí ọ̀ràn náà. Látòósà wà lórí oyè Ààrẹ rẹ̀ títí ó fi kú sójú ogun Kírìjì ní 1885.