LWKMD Kì í Ṣe Ọmọ LOL

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn àgbà, àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Èkó, pé àwọn ọ̀dọ́ wa kò lè rẹ́rìn-ín lórí fóònù mọ́ àfi tí wọ́n bá yá ẹ̀rín òyìnbó lò. Wọ́n ní LOL, ìyẹn “laughing out loud”, ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní nígbà tó sú àwọn ọmọ Ìkẹjà àti Agége, wọ́n fi Píjìn da LOL kọ, ó di LWKMD. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè, ẹ̀rí díẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn ná.

Òótọ́ ni pé LOL ti wà tipẹ́ kí GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ síra wọn lórí FidoNet ti tò ó mọ́ àwọn ìkékúrú wọn nínú ìwé ìròyìn wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1989. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford náà gbà á wọlé ní 2011. Òótọ́ sì ni pé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn la ti rí àṣà kíkó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ jọ láti fi rẹ́rìn-ín. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n aṣọ lásán ni wọ́n ń tọ́ka sí. Wọn ò wo ara tó wọ̀ ọ́.

Ẹ tú LWKMD palẹ̀: “laugh wan kill me die.” Ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn yìí? Ẹ̀rín ni. Nínú LOL, èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín, òun ni olùwà. Nínú LWKMD, ẹ̀rín ni olùwà, èèyàn ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Yorùbá ṣe ń sọ ohun tó bá ń ṣe ara: ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, òtútù ń mú mí, oorun ń kùn mí, ojú ń tì mí. Ẹ̀rín pa mí wà lára wọn, ó sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó rí kọ̀ǹpútà.

Ẹnì kan lè sọ pé òyìnbó náà ń fi ikú ṣàpèjúwe ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn Faransé ń kọ MDR, ìyẹn “mort de rire”, ẹni tí ẹ̀rín ti sọ di òkú. Ṣùgbọ́n nínú tiwọn, èèyàn ló ń kú, ẹ̀rín wulẹ̀ jẹ́ ohun tó fà á. Nínú tiwa, ẹ̀rín fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè.

D tó parí ọ̀rọ̀ náà ni mo ka sí ẹ̀rí tó lágbára jù, òun sì ni àwọn èèyàn ń fojú fò. Lẹ́nu òyìnbó, “kill” ti parí iṣẹ́. Bí o bá ti pa nǹkan, ó ti kú, wọn kì í tún fi “die” lé e. Ṣùgbọ́n “pa” tiwa kì í fi gbogbo ìgbà dé ibi ikú. Ebi lè pa èèyàn láàárọ̀, kó yó lọ́sàn-án. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ó yéni pé iṣẹ́ náà parí, a ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe kejì tì í: wọ́n pa ejò náà kú. Àwọn onímọ̀ èdè ń pe èyí ní àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwọn kan ń kọ LWKM, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fi D kún un, bí a ṣe ń fi “kú” kún “pa”. Ẹni tó ń da LOL kọ kò ní rí D yìí níbì kankan nínú ohun tó ń wò kọ.

Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ dá àwọn tiwa náà dúró, àwọn tó bá gbọ́ èyí tán tí wọ́n á fi ìgbéraga pariwo pé Yorùbá nìkan ló ni ín. Àwọn Igbo náà ń sọ pé ẹ̀rín pa àwọn. Píjìn kì í ṣe oko baba ẹnì kan, àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe sì wà nínú ọ̀pọ̀ èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ dé òpópónà Otigba, ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ dúró ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọ Igbo ló di irin tó ń jó mú, Yorùbá ló gbé fóònù tó fọ́ wá, ẹni tó ń ta ìbòrí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè wá láti Ẹdó. Bí ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín bá bọ́ síbẹ̀, èdè wo ni wọn yóò fi dáhùn tí yóò yé gbogbo wọn? Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ni nǹkan ti rí bẹ́ẹ̀ ní Ọba Akran àti Agídìngbì pẹ̀lú: òṣìṣẹ́ láti ẹ̀yà gbogbo, iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán, wọ́n sì jọ ń wọ mọ́tò kan náà lọ sí Pen Cinema. Píjìn ni ọjà àárín wọn. Gbólóhùn tí èdè púpọ̀ ti ní tẹ́lẹ̀ kò ṣòro láti gbà wọ ibẹ̀.

Àṣìṣe kejì rọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní torí owó ni, pé àtẹ̀jíṣẹ́ wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Lóòótọ́, ojú-ewé kan kò gbà ju àmì 160 lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìṣọ́wóná ni, LOL jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, “ha” sì jẹ́ méjì. Kí ló dé tí wọ́n fi yan èyí tó jẹ́ márùn-ún? Kí ló tún dé tó fi jẹ́ pé ìgbà BlackBerry ló gbilẹ̀ jù, nígbà tí èèyàn ń san owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí ẹni tó ń ka lẹ́tà mọ́? Lórí BBM, ìkànnì ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ BlackBerry, kí wọ́n tó tì í pa ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n ń fà á gùn ni: LWKMDDDDD. Ẹni tó ń ṣọ́ owó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé gígùn ni ìwọ̀n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kí o mọ bí nǹkan ṣe pupa tó ṣe ń fa “fòò” gùn lẹ́nu.

Owó kó ipa o, àmọ́ ibòmíràn ló ti kó o. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àkójọ àmì tí wọ́n fi ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ GSM. Bí ẹyọ kan lára wọn bá wọ inú iṣẹ́ tí o fẹ́ rán, ojú-ewé rẹ bọ́ láti 160 sí 70. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà náà kò tiẹ̀ ní wọn rárá. Bí o bá sì yọ àmì kúrò, “erin pa mi” lo kọ, òǹkàwé ni yóò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹranko. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kò jẹ́ ká kọ bó ṣe yẹ gba ẹnu Píjìn jáde. Èyí kì í ṣe ìtìjú èdè ẹni, bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ wọ̀nyí.

LOL ńkọ́? Ó ṣì wà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́. John McWhorter, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Columbia, ti sọ ọ́ ní 2013 pé ó ti di àmì tí ẹni méjì fi ń jẹ́ kó yé ara wọn pé ọ̀rọ̀ àwọn bára mu. Níbí náà, “mi ò lówó lol” kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó ń fi ẹ̀rín músẹ́ rọ ọ̀rọ̀ lójú ni. Ẹ̀rín músẹ́ àti ẹ̀rín àríntàkìtì kì í ṣe ohun kan náà, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọn méjèèjì. Àìní yìí ló ń bí ọ̀rọ̀ tuntun ní gbogbo ayé. Ohùn ẹ̀rín ni Thailand fi ń kọ 555, torí “ha” ni wọ́n ń pe márùn-ún. Japan ń to w lé w láti ara ọ̀rọ̀ wọn fún ẹ̀rín. Brazil ń to k. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní àdàkọ LOL.

Nígbà tí Oxford fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín tòun tomijé ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2015, àwọn kan kéde pé àwòrán ti pa ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rẹ́. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán agbárí ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ báyìí, bàbá tó bá sì rí i lábẹ́ fọ́tò rẹ̀ nínú WhatsApp ẹbí, àyà rẹ̀ á já. Ọmọ rẹ̀ kò fi ikú ré e. Ohun tó ń wí ni pé, “Bàbá, ẹ ti fẹ̀rín pa mí kú.” Mo gbà pé láti ẹnu ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó ń sọ pé òun ti kú ni agbárí yìí ti wá. Àmọ́ “mo kú o!” kì í ṣe àjèjì lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rín bá bò mọ́lẹ̀ lọ́jà Agége.

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wá ń kọ lemọ́lemọ́ lórí X (Twitter tẹ́lẹ̀) ní Nàìjíríà ni “you people will not kill me”. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kò sì sí níbẹ̀. Òyìnbó tó bá kà á yóò rò pé àwọn kan ń lépa ẹ̀mí ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ Ìkẹjà gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹ má fẹ̀rín pa mí o. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pe èyí náà ní àdàkọ, kó fi gbólóhùn tí wọ́n wò kọ ọ́ hàn wá.