Ohùn Tí Etí Kò Gbọ́ àti Ọkàn Aláìsàn ní Bouaké

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi kékeré fi ń lọ gba ìtọ́jú àtọ̀gbẹ ní Bouaké, níbi tó ti ń ta aṣọ. Wọ́n ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí mímí sì nira fún un, ó ní ọjọ́ ogbó ló dé. Àṣé ọkàn ni.

Ìmọ̀ tí ì bá tètè tú àṣírí yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1953, ní ìlú Lund ní Sweden, Inge Edler àti Hellmuth Hertz fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wo bí ọkàn ṣe ń lù. Ní 1968, Gramiak àti Shah kọ ọ́ pé ìfófòó kéékèèké nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwòrán náà hàn kedere. Ní 1972, Rubler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn alátọ̀gbẹ mẹ́rin tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn kò dí.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọ́n á fi oògùn pẹ̀lú ìfófòó sínú ẹ̀jẹ̀; bó bá dé ọkàn, wọn á fi ìró náà bẹ́ ẹ, kí oògùn lè wọ ibi tí àìsàn wà, kó má fọ́n ká gbogbo ara. Ó ti ran ọkàn eku alátọ̀gbẹ lọ́wọ́. Kò tíì di ìtọ́jú fún ọkàn àwa ènìyàn.

Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn Bouaké yóò béèrè ọ̀nà tí yóò gbà dé. Reluwé láti Abidjan dé ibí ní 1912, ó sì wà lára ohun tó sọ ìlú yìí di ọjà ńlá. Ní oṣù kẹsàn-án 2002, ogun bẹ́, ilẹ̀ pín sí méjì, ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì sì sá lọ. Médecins Sans Frontières ló wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú. Láti 1922 ni wọ́n ti ń fi insulin tọ́jú ènìyàn, ṣùgbọ́n insulin tí kò rí ọ̀nà kọjá kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Nítorí náà, kí a tó máa yọ̀ sí ìfófòó ọ̀la, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àná kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá ní ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ má pè é ní ogbó. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wo ọkàn rẹ̀.