Ta: Ayò Ni Tàbí Tẹ́tẹ́?

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo fún eré. Bọ́ọ̀lù, gbígbá ni. Ìjàkadì, jíjà ni. Bojúbojú, ṣíṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn yòókù: ayò, títa ni, òkòtó, títa ni, lúdò àti wọ́ọ̀tì, títa ni, tẹ́tẹ́ pàápàá, títa ni. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń rú mi lójú. Ọmọ ayò 48 ni wọ́n ń pín sí ojú ihò 12, mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ni yóò jẹ. Tẹ́tẹ́ ní tirẹ̀, ọlọ́gbọ́n àti aláìgbọ́n, ọgbọọgba ni wọ́n níwájú rẹ̀. Kí ló wá dé tí èdè wa fi so àwọn méjèèjì mọ́ okùn kan?

Àríyànjiyàn àwọn tó ń ta géèmù kan tó ń jẹ́ Slay the Spire ló gbé ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn kan ní tẹ́tẹ́ lásán ni géèmù náà, àwọn kan ní ọgbọ́n ni látòkèdélẹ̀, kò sì sí ìhà tó fẹ́ gbà fún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ọdẹ ń ta ọfà, agbọ́n ń ta ènìyàn, ata ń ta lẹ́nu, iṣu ń ta nínú ebè, ọmọdé ń ta òkìtì. N kò sọ pé ìdí kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìró nìkan wá orírun ọ̀rọ̀ yóò ṣìnà. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó yẹ ká yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá, ìyẹn ni ti ọjà. "Mo ta ọjà" àti "mo ta ayò" dọ́gba létí. Ẹ yí gbólóhùn náà padà, àṣírí á tú: "ọjà tí mo tà", "ayò tí mo ta". Ti ọjà, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbé e wá sí àárín. Ti ayò, àárín ló wà látilẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, a ó sì tún padà sórí èyí.

Ẹlẹ́rìí mi ni ọ̀ta. Ọ̀ta là ń pe ẹni tó mọ ayò ta dójú àmì. Ẹ má fi ohùn sọ ọ́ di ọ̀tá, ẹ má sì sọ ọ́ di ọta tí ń jáde lẹ́nu ìbọn. Èmi kò sì tíì gbọ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀ta nídìí tẹ́tẹ́. Atatẹ́tẹ́ là ń pè é; ó lè jẹ lónìí, kí ó pàdánù lọ́la, kò sẹ́ni tí yóò kí i pé ó mọ̀ ọ́n ta. Èdè wa so ayò àti tẹ́tẹ́ pọ̀ nínú ìṣe, ó sì yà wọ́n nígbà tó kan ká fún ènìyàn lóyè.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ kò ṣòro láti rí. Nínú méjèèjì, nǹkan ń kúrò lọ́wọ́, kò sì ní padà: ọmọ ayò ti bọ́ sínú ihò, owó ti bọ́ sílẹ̀, bí ọfà ti fi ọsán sílẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ wà ṣáájú kí ọwọ́ tó ṣí. Kí lo mọ̀ kí o tó ta? Atayò mọ ohun gbogbo. Atatẹ́tẹ́ kò mọ nǹkan kan. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọn géèmù yìí nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Mega Crit, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Anthony Giovannetti àti Casey Yano ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa ta á láìtíì parí láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ilé gogoro kan ni ẹ ó máa gùn, ọ̀tá ń dúró dè yín láti àjà kan dé òmíràn, káàdì sì ni ohun ìjà yín. Jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Ironclad ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì 10 péré: 5 fún lílù, 4 fún ìdáàbòbò, 1 tó ń lu ọ̀tá tó sì ń mú kí ìlù mìíràn dùn ún jù. Bí ẹ bá ṣẹ́gun, wọn á na káàdì 3 sí yín. Ẹ lè mú 1, ẹ sì lè kọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kú, ó parí nìyẹn: gbogbo ohun tí ẹ ti kó jọ ti lọ, ẹ padà sí ìdí ilé gogoro pẹ̀lú 10 ti àkọ́kọ́. Òfin ikú yìí ti wà látijọ́, láti inú Rogue tí Michael Toy àti Glenn Wichman bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1980. Orúkọ rẹ̀ ni irú géèmù báyìí ń jẹ́ títí dòní. Kíkó káàdì jọ díẹ̀díẹ̀ ní tirẹ̀, Dominion ló sọ ọ́ di olókìkí, eré orí tábìlì tí Donald X. Vaccarino gbé jáde ní 2008.

Ẹni tó bá sì borí kò tíì bọ́. Ìpele 20 ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyà tirẹ̀. Ní ìpele tó kẹ́yìn, ọ̀gá ọ̀tá méjì ló ń dúró dè yín léraléra ní òkè apá kẹta ilé gogoro náà, níbi tí ọ̀kan ṣoṣo ti wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tayò ló fẹ́ tayọ.

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí ilé gogoro náà pa ni pé káàdì gidi kò wá. Mo yé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń pa ọ̀pọ̀ àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta nínú apá kìíní, Gremlin Nob, òmìrán kan báyìí. Bí ẹ bá ta irú káàdì tí wọ́n ń pè ní Skill, tí káàdì ìdáàbòbò wà lára wọn, inú á bí i, agbára rẹ̀ á sì fi 2 lé sí i. Ẹni tó ti kó ìdáàbòbò jọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú pàṣán tí wọ́n fi ń nà án le sí i. Ìrẹ́jẹ ni wọ́n ń pè é. Àbí? Lẹ́ẹ̀kíní tó kàn án láti ṣe nǹkan, ariwo nìkan ló ń pa, kò lu ẹnikẹ́ni, ìwà rẹ̀ sì wà ní kíkọ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Máàpù ti fi hàn kí ẹ tó débẹ̀ pé akọni ọ̀tá irú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà; kò kàn sọ èwo nínú mẹ́ta ni. Kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ gba ọ̀nà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo géèmù náà ṣe rí. Lórí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ohun tó fẹ́ ṣe: bó bá fẹ́ lu yín, iye rẹ̀ wà níbẹ̀. Káàdì lílù tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ń gba 6 lára ọ̀tá. Kì í tàsé láé. Ẹ ó ní káàdì 5 lọ́wọ́ àti agbára 3 láti ná, ẹ ó wá ṣírò. Ohun àìmọ̀ wà, n kò sẹ́: ẹ kò mọ bí káàdì yín ṣe tò tẹ̀ léra, ẹ kò sì mọ èyí tí wọ́n máa nà sí yín lẹ́yìn ìjà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó yàn. Bí ẹ bá ti ta káàdì, ohun tó yẹ kó ṣe ló máa ṣe, àyàfi díẹ̀ nínú wọn. Tẹ́tẹ́ ń ṣe òdìkejì èyí: ẹ yàn tán, ẹ wá ń dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀ta àti òpè ti yà pátápátá ni ohun abàmì kan tó ń jẹ́ Snecko Eye. Bí ẹ bá gbà á, káàdì 7 ni yóò máa wá sí ọwọ́ yín dípò 5, ṣùgbọ́n iye agbára tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń gbà á di aláìdúró: ó lè jẹ́ 0, ó lè jẹ́ 1, 2 tàbí 3. Òpè á sá fún un. Tẹ́tẹ́ nìyẹn, ojú kò ṣì í. Ọ̀ta á jókòó ṣírò: iye mẹ́rin tí kò sí èyí tó máa ń wá ju èkejì lọ, àárín wọn jẹ́ 1.5. Káàdì lílágbára tó ti ń gba 2 tàbí 3 tẹ́lẹ̀ wá dínwó lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn káàdì 2 tó lé sì ń jẹ́ kó rí èyí tó rọjú yàn. Ẹni tí káàdì olówó pọ́ọ́kú kún ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Torí náà ìdáhùn sí "ṣé ó dára?" ni "káàdì wo lo ti kó jọ?" Ohun kan náà jẹ́ tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó jẹ́ ayò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa géèmù yìí, n kò rí ìjà tó lárinrin tó ti Snecko Eye.

Àwọn tó ní ọgbọ́n ni látòkèdélẹ̀ náà ń sọ àsọdùn. Orí burúkú wà níbẹ̀; ìgbà mìíràn á wà tí ọ̀ta pàápàá kò ní rí ọ̀nà gbà. Àmọ́ ẹ wò ó: àwọn kan ń borí léraléra ní ìpele 20, àwọn mìíràn kò tíì kúrò ní ìpele 1. Bó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, irú ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀.

Àbúrò Slay the Spire kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí sọ di ẹjọ́: Balatro, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Ọmọ Kánádà kan tó ń pe ara rẹ̀ ní LocalThunk ló ṣe é, àwọn àwòrán àti òté póókà ló sì yá lò. PEGI, àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún ní Yúróòpù, kọ 18 sí i lára nítorí pé ó gbé àwòrán tẹ́tẹ́ jáde gbangba. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni ń fi lélẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń jẹ. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn; nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2025, 18 ti di 12. LocalThunk fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún òun pé wọn kò gbọdọ̀ ta Balatro fún ilé tẹ́tẹ́ kankan láéláé. Ohùn ìsàlẹ̀ ọjọ́un nìyí o: òun kò fẹ́ kí ohun tí à ń ta di ohun tí wọ́n tà. Síbẹ̀, káàdì kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Wheel of Fortune, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́, nígbà tí kò bá jẹ́, géèmù á kọ "Nope!" síwájú yín bí ẹni ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ogunlọ́gọ̀ ló ń búra pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin yẹn kò pé. Tẹ́tẹ́ tòótọ́ nìyẹn, àwọn tó ń ráhùn nípa rẹ̀ kò jẹ̀bi.

Ó ku àwọn tó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Nínú Slay the Spire, bí ìjà bá burú, ẹ lè pa géèmù náà dé, kí ẹ tún un ṣí. Ìjà náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, káàdì á sì máa jáde bó ṣe jáde tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, owó wọn ni wọ́n fi rà á. Lójú tèmi, ohun tó bá ṣeé dá padà sọ́wọ́, a kò tíì ta á. Kí wọ́n máa gbádùn ara wọn, kí wọ́n má kàn bá wa ka ìṣẹ́gun.

Ìdájọ́ mi ni pé ayò ni, tẹ́tẹ́ díẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó fúnra rẹ̀, ó wà lórí kọ̀ǹpútà, ó wà lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sanwó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ironclad, ẹ má gba gbogbo káàdì tí wọ́n bá nà sí yín, bí Gremlin Nob bá sì pa yín, ẹ ka ohun tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó pariwo pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.