Ilé Olódi Basing ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí ó bá dé abúlé Old Basing ní àgbègbè Hampshire lónìí yóò bá òkìtì ilẹ̀, yàrà jíjìn àti àwókù ògiri bíríkì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé kan wà rí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé ìjòyè tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní yàrá inú rẹ̀ tó 360. Àgbá Oliver Cromwell ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó wó o. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Basing sì ti lanu kí Cromwell tó dé.

Ní ọdún 1531 ni Ọba Henry Kẹjọ fún William Paulet láṣẹ láti mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, lórí ilẹ̀ tí ilé olódi àtijọ́ kan ti wà rí. Láyé ìgbà náà, ìjòyè kì í dédé mọ odi láìgba àṣẹ, nítorí ẹni tí ó ní odi lè ṣọ̀tẹ̀ sí ọba. Lábẹ́ Henry, Edward Kẹfà, Mary àti Elizabeth ni Paulet ti sìn. Ẹ̀sìn ìjọba ń yí padà láti ọwọ́ ọba kan dé òmíràn, orí àwọn ìjòyè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò kúrò lọ́rùn. Láti 1550 títí ó fi kú ní 1572, òun ni akápò àgbà ìjọba. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n bi í léèrè ọgbọ́n tí ó dá, ó ní igi tí í tẹ̀ fún ìjì ni òun, òun kì í ṣe igi líle tí í dá.

Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ tí ó jogún ilé náà, John Paulet, Máákúìsì Karùn-ún ti Winchester, kò mọ títẹ̀ rárá. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ti ọba ni ó sì ń ṣe. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ọba Charles Kìn-ín-ní àti Ilé Aṣòfin ní 1642, ilé rẹ̀ di ibùdó àwọn ọmọ-ogun ọba, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Ilé Ìṣòtítọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti London lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni ó wà; àwọn ará Basing a máa dá àwọn oníṣòwò aṣọ lọ́nà, wọn a sì kó wọn lẹ́rù. Èyí ni Ilé Aṣòfin kò ṣe lè fi wọ́n sílẹ̀.

Sir William Waller ni ó kọ́kọ́ kọlù wọ́n, ní oṣù kọkànlá 1643. Àwọn obìnrin inú ilé gun orí òrùlé, wọ́n ń ju òkúta àti bíríkì lu ọ̀tá. Òjé orí òrùlé ni wọ́n yọ́ ṣe ọta ìbọn. Àwọn ọmọ-ogun London tí Waller kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ilé ni àwọn ń lọ, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Edward, àbúrò Máákúìsì, dìtẹ̀ láti fi ilé náà lé ọ̀tá lọ́wọ́. Àṣírí tú. Wọn kò pa Edward. Òun ni wọ́n fi ṣe apànìyàn tí yóò yẹgi fún àwọn tí wọ́n jọ dìtẹ̀. Bóyá ikú ì bá sàn fún un.

Ìdótì tí Norton dó tì wọ́n ní 1644 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ebi pa wọ́n, kí Gage tó ti Oxford kó oúnjẹ àti ẹ̀tù wá ní oṣù kẹsàn-án. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ jù ni ti 1645. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣọ́ odi lábẹ́ Sir Marmaduke Rawdon, oníṣòwò ará London, kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Máákúìsì kò fẹ́ wọn mọ́. Ó bẹ ọba pé kí ó jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́sìn òun nìkan máa gbé ibẹ̀. Ọba gbà. Ní oṣù karùn-ún, Rawdon kó bí 500 ọmọ-ogun jáde: àwọn gan-an tí wọ́n fara da ebi àti ìbọn nítorí ilé náà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, Cromwell dé pẹ̀lú àwọn àgbá ńláńlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ gba ihò tí àgbá dá sára ògiri wọlé. Wọ́n pa ọ̀pọ̀, àwọn àlùfáà Àgùdà wà nínú wọn. Inigo Jones, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán-ilé, ẹni ọdún 72, ni wọ́n bọ́ sí ìhòòhò tí wọ́n fi kúbùsù gbé jáde. Iná sì ṣẹ́ yọ. Hugh Peter, oníwàásù tí ó jíṣẹ́ fún Ilé Aṣòfin, sọ pé àwọn gbọ́ igbe àwọn tí ó há sí àjà ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà láti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nínú lẹ́tà tí Cromwell kọ lọ́jọ́ náà, ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n wó ibẹ̀ pátápátá. Ìdí kan tí ó sọ ni pé yóò gba bí 800 ènìyàn láti ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà yìí yóò rántí àwọn 500 tí Máákúìsì lé lọ. Àgbá ì bá dá ihò sára ògiri bí Rawdon tilẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dí ihò náà ni kò sí.

Wọ́n kó Máákúìsì lọ sí túbú ní ilé olódi London tí à ń pè ní Tower. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn ju ti ogun lọ. 1675 ni ó kú, ní Englefield. Ní ti ilé, ọjọ́ kejì ìṣubú rẹ̀ ni Ilé Aṣòfin pàṣẹ pé ẹni tí ó bá fẹ́ bíríkì tàbí òkúta lè wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará àdúgbò kó o. Bíríkì Máákúìsì wà lára ògiri ilé wọn ní Old Basing, kò sì jìnnà sí abà ńlá kan tí ó ṣì dúró láti ayé William Paulet, tí ojú ọta àgbá wà lára rẹ̀.