Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìbọn ní Ìdílé Ọdẹ Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?" Apátí ni ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ìbọn tí kò ní apátí kò lè pa eèrà, síbẹ̀ òwe yìí kò gbà kí a na irú rẹ̀ sí ènìyàn. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òwe náà ni òfin kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ tí ìdílé ọdẹ fi ń tọ́ ọmọ, àti pé ohun tó mú kí ẹ̀kọ́ náà múlẹ̀ ni pé ìbọn ni ohun tí wọ́n ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ gbẹ̀yìn. A ó wo bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tí òfin ìjọba ti bá a pàdé, àti ìṣòro tó dé bá a ní apá ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó ti di ìlú ńlá, láti Mowé àti Ìbàfò títí dé Ifọ̀.

Bí ìbọn ṣe di ohun ìní ìdílé

Ọrun, ọfà, ọ̀kọ̀ àti àdá ni ohun ìjà àwọn baba wa kí ìbọn tó wọ̀lú. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n súnmọ́ etíkun, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní in. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, a kà bí ìbọn ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ogun tó tú Òwu ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ogun Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn ló sọ ogun náà ní Kírìjì. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó sì bá ará ilé wọn wá ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ẹ̀yìn.

Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó ṣe àdéhùn ní Brussels láti dènà títà irú ìbọn ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Àdéhùn náà fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta ìṣáná àti ẹ̀tù lásán. Èyí wà lára ìdí tí ṣakabùlà fi jẹ́ ìbọn tó kù lọ́wọ́ ọdẹ àti àgbẹ̀ nígbà tí ogun parí. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń tún un ṣe, baba sì ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ohun tí ọmọ ọdẹ ń kọ́

Ṣakabùlà kì í ṣe ìbọn oníwàǹwára. Ẹnu rẹ̀ ni a ń gbà da ẹ̀tù sí i. A ó fi ọ̀pá kì í, a ó rọ ọta sí i, a ó sì bu ẹ̀tù díẹ̀ sí etí rẹ̀ kó tó ṣeé yìn. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ẹni tó gbé e lójú. Bí ó bá sì tutù, ìbọn lè kọ̀, kó tún wá dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí òmùgọ̀ ti ń yọjú wo ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, sùúrù jẹ́ ara ìmọ̀ iṣẹ́ náà.

Ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pàkúté dídẹ àti ọfà títa. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ru àpò tẹ̀lé baba rẹ̀, tí yóò mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Lóru, ó ń kọ́ pé ojú tó ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà lè jẹ́ ti ewúrẹ́ tàbí ajá ọdẹ mìíràn, pé ohun tí a kò bá dá mọ̀, a kì í yìnbọn sí i. Ìgbà tí baba bá rí i pé ọmọ lè dúró kó má yìn ni ó ń jẹ́ kó yìn.

Lẹ́yìn baba, ẹgbẹ́ ọdẹ wà, lábẹ́ olúọdẹ, Ògún sì wà lókè wọn. Ẹni tó bá fi irin ṣe ìkà mọ̀ pé onírin ń bọ̀ wá bi òun. Kódà ìṣípà ọdẹ, tí Bádé Àjùwọ̀n kọ ìwé lé lórí, jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó kù lẹ́yìn: wọ́n ń gbọ́ nínú ìrèmọ̀jé irú ènìyàn tí olóògbé jẹ́.

Òfin ìjọba

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tó ṣáájú. Bí a bá yọ iye ọdún kúrò, ohun tí olúọdẹ yóò wò lára ọmọ náà nìyí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òfin lè sọ ẹni tí kò yẹ, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò kọ́ ẹni tó yẹ.

Nígbà tí igbó di ilé

Láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti là ní 1978 ni oko àti igbó ẹ̀bá rẹ̀ ti ń di ilé gbígbé. Ní OPIC Estate àti àwọn àdúgbò irú rẹ̀, bí a bá pe "ọdẹ", ẹni tó ń ṣọ́ òru ni ọ̀pọ̀ ọmọdé mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ti yí. Ọta ṣakabùlà máa ń fọ́n ká bó bá ti jáde. Nínú igbó, igi ni yóò gbà á, ṣùgbọ́n ní àdúgbò, ọmọ tó sùn sídìí fèrèsé ni ó lè bà. Igbó tí baba ti ń kọ́ ọmọ ní sùúrù kò sì sí mọ́. Nígbà tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n ń retí láti lò. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ni bóyá ọ̀dọ́ tó ń gbé ìbọn lónìí la ẹ̀kọ́ tí baba bàbá rẹ̀ là kọjá.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ìdílé ọdẹ kò fi ìkọ̀kọ̀ tàbí ìbẹ̀rù nìkan dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìbọn. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ ní iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n tó fi kàn án. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ìṣọ́ yẹ kó pa ètò yẹn mọ́: kí ó fi í sábẹ́ àgbà, kí ó dán sùúrù rẹ̀ wò, kí ó tó fún un ní ìbọn. Ó sì yẹ kí àwa onímọ̀ gba ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ tó ṣì wà láyé, ní ìdílé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìwé àṣẹ ìjọba kò ní in nínú.